Ẹ̀gbọ́n mi ní ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ: kí ni ká wá fún màmá wa jẹ?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 63. Wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá wọn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì ti gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú mẹ́jọ tí dókítà kọ. Kílò 68 ni wọ́n lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, 61 ni wọ́n báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kà á lórí fóònù pé ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ, ló bá kó ṣúgà, ẹran, wàrà àti ẹyin kúrò nílé. Omi èso àti ewébẹ̀ ni màmá ń mu láàárọ̀ lálẹ́, pẹ̀lú fítámì oríṣi mẹ́rin. Lọ́jọ́ Sátidé, màmá ní ẹyin díndín àti tíì tó dùn ń wu àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀, màmá sì sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tọ̀nà? Kí ni ká máa fún wọn jẹ tí jẹjẹrẹ ò fi ní rí nǹkan jẹ?"

Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, torí ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni ohun tí màmá máa jẹ. Èkejì fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀: ṣé èèyàn lè fi ebi pa jẹjẹrẹ? Èkejì yìí ló gbé ìjà wọ ilé yín, òun ni mo sì máa kọ́kọ́ mú, torí bí a ò bá yanjú rẹ̀, oúnjẹ yòówù tí mo bá dárúkọ, ẹ̀gbọ́n yín á ṣì máa béèrè pé "ṣé kò sí ṣúgà nínú ìyẹn?" Iṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn ni mò ń ṣe. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń jókòó ti àwọn tó ń gba kímò àti ìtànṣán, tí mò ń wo ohun tó ń wọ ẹnu wọn àti ohun tó ń padà jáde. Èmi kọ́ ni mò ń kọ oògùn jẹjẹrẹ, mi ò sì tíì fojú kan màmá yín. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti yàtọ̀ sí ti dókítà tó ń tọ́jú wọn, ti dókítà ni kí ẹ mú.

Ẹ má pe ẹ̀gbọ́n yín ní òpè. Ohun tó kà ní orísun. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Jámánì kan, Otto Warburg, tó padà gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1931 fún iṣẹ́ mìíràn lórí bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń mí, ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń lo ṣúgà gan-an ju ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn lọ. Òótọ́ ni. Orí rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ayẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní PET dúró lé: wọ́n á gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà díẹ̀ tí wọ́n so èròjà onítànṣán mọ́, ibi tí ṣúgà náà bá wọ́ lọ jù á tàn yòò nínú àwòrán. Ẹni tó bá rí àwòrán yẹn, tó rí jẹjẹrẹ tó ń tàn bí iná, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé kí wọ́n gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ti inú tíì nìkan. Ìrẹsì, búrẹ́dì, ànàmọ́, ẹ̀wà, ọsàn, títí kan omi èso tí màmá ń mu láàárọ̀ lálẹ́ yẹn, gbogbo wọn ló ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ti kọjá ìfun. Ẹ jẹ́ ká wá ní ẹ dá gbogbo wọn dúró. Ọpọlọ àti sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ò lè ṣe kí wọ́n má rí ṣúgà, nítorí náà ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ ṣe é. Níbo ló ti máa rí ohun tó máa fi ṣe é? Lára ẹran ara ni: itan, apá, èjìká. Ara á máa tú ẹran yìí palẹ̀, á kó o lọ fún ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e kiri. Jẹjẹrẹ á ṣì rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀. Itan màmá ni wọ́n fi san án.

Ìdí nìyí tí kílò méje yẹn fi ká mi lára ju jẹjẹrẹ tí ẹ sọ lọ. Méje nínú 68 ti lé ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí èèyàn bá ti fi ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ rù láàárín oṣù mẹ́fà láìjẹ́ pé ó wù ú, ọkàn wa kì í balẹ̀ mọ́. Fún màmá yín, ìyẹn ò ju kílò mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Wọ́n ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́.

Ẹ tún jẹ́ kí n ṣàlàyé irú rírù tó wà nínú àìsàn yìí, torí ó yàtọ̀ sí ti ebi lásán. Ẹni tí ebi lásán ń pa, ara rẹ̀ gbọ́n, ó ń ṣọ́wó ná. Ọ̀rá ló ń jó jù, ó ń dín ìnáwó kù, ó ń gbìyànjú láti pa ẹran ara mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ, ọgbọ́n yìí ló ń bàjẹ́. Àwọn èròjà kan tí jẹjẹrẹ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, àti èyí tí àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ń tú láti bá a jà, ń pariwo kiri ara bí ẹni pé ilé ń jóná. Ara á wá máa kó ẹrù síta: ẹran ara á máa yọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rá, oúnjẹ ò ní wu èèyàn, ìwọ̀nba tó bá jẹ á sì tètè kún un dé ọ̀fun. Ẹ ti lè rí aláìsàn tó ń gbìyànjú láti jẹun, síbẹ̀ tó ń rù. Mi ò ní tàn yín: tí irú rírù yìí bá ti fìdí múlẹ̀, oúnjẹ nìkan kì í dá a padà pátápátá. Ó lè fà á sẹ́yìn, ó lè jẹ́ kó rọra rìn. Kí a tètè bẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, kí a má sì fi ebi tiwa kún ti àìsàn.

Kímò náà ń dá kún un lọ́nà tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn yẹn ò mọ jẹjẹrẹ lójú. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ń pín kíákíá ni wọ́n ń lù. Irun, mùdùnmúdùn inú egungun, awọ inú ẹnu àti awọ inú ìfun, gbogbo wọn ló ń pín kíákíá. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ń bó, tí ata kékeré fi ń ta bí iná, tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń dé, tí ẹran fi ń dà bí irin lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àwọn awọ yìí náà ló ń tètè hù padà. Fún ẹni tó ń gba kímò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́ ló sábà máa ń burú, lẹ́yìn náà ẹnu á bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kímò tó kàn á sì dára jù. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tí màmá rí jẹ sínú rẹ̀. Tó bá fi máa di ìgbà kejì, ẹ ó ti mọ ọjọ́ tí kò yẹ kí ẹ yọ wọ́n lẹ́nu àti ọjọ́ tí ó yẹ kí ìkòkò má kúrò lórí iná.

Ọkùnrin káfíńtà kan wà tí mo tọ́jú lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Kó tó sọ̀rọ̀, ìgbànú rẹ̀ ti sọ ọ́: ó ti fi ìṣó lu ihò tuntun mẹ́ta sí i, àpólà tó kù lẹ́yìn ìdè gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ká a bọ àpò. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n bí èèpo ọsàn. Omi kárọ́ọ̀tì ló ti ń mu fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òun àti ewébẹ̀, kò fi nǹkan mìíràn sẹ́nu. "Mò ń febi pa á ni," ló wí, ó sì fọwọ́ sọ àyà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà ti sún kímò rẹ̀ síwájú, torí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó ń bá àrùn jà, ò tíì gòkè padà, ara rẹ̀ sì ti joro ju ohun tí oògùn náà lè bá ṣeré lọ. Ẹ rántí pé gíga èèyàn àti bó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń ṣírò ọ̀pọ̀ kímò. Tí ara bá ń yọ́, ìṣirò náà ń yí, oró oògùn sì máa ń wọni lára sí i. Mo ní kó tú ìgbànú náà sórí tábìlì, a jọ ka ihò rẹ̀. Mo bi í pé nínú òun àti jẹjẹrẹ, ta ni ihò yìí ń sọ pé ó ń rù? Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n kọ oúnjẹ fún òun. Ó parí kímò rẹ̀. Mi ò sọ pé oúnjẹ ló bá jẹjẹrẹ rẹ̀ jà o; kímò ló bá a jà. Oúnjẹ ló jẹ́ kó rí kímò gbà.

Nítorí náà, kí ni kí màmá jẹ? Agbára àti purotéènì ni mò ń kọ́kọ́ wá. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ lé ni kálórì (ìwọ̀n agbára inú oúnjẹ) 25 sí 30 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí èèyàn wúwo. Fún ẹni kílò 61, ìyẹn ń lọ sí bíi 1,500 sí 1,800. Purotéènì, tó ń tún ẹran ara mọ, gbọ́dọ̀ ju gíráàmù kan lọ fún kílò kọ̀ọ̀kan, kó tó gíráàmù kan ààbọ̀ tó bá ṣeé ṣe. Fún màmá, ẹ jẹ́ ká pè é ní gíráàmù 70 sí 90, àfi tí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín wọn ò dáa, torí ìyẹn ń yí ìṣirò padà. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ife wàrà kan, bíi 8. Adìẹ tó tó àtẹ́lẹwọ́, bíi 25. Ife ẹ̀wà sísè kan, bíi 15. Ife omi èso àti ewébẹ̀, tí ẹ bá rí 2 nínú rẹ̀, ẹ dúpẹ́. Ẹ wá padà wo ohun tí wọ́n kó kúrò nílé: ẹran, wàrà, ẹyin. Wọ́n rò pé ṣúgà ni àwọn ń lé, purotéènì ni wọ́n lé.

Ẹ má gbé abọ́ ńlá síwájú wọn. Ẹni tí oúnjẹ ò wù, abọ́ tó kún dẹ́nu ti ṣẹ́gun rẹ̀ kó tó mú ṣíbí. Díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí méjì méjì ló ń gbà á. Ìyá àgbàlagbà kan tó gba ìtànṣán sí ọ̀fun ló kọ́ mi ní ohun tí ìwé ò kọ́ mi. Á bọ́ ẹyin sísè kan sínú àwo kékeré, á fi ẹ̀yìn ṣíbí tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tà àti wàrà títí tó fi máa rọ̀ kẹlẹkẹlẹ, á fi ṣíbí kan sẹ́nu, á gbé àwo sílẹ̀, á kọjú sí fèrèsé. Tó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún mú ṣíbí mìíràn bí ẹni tó ṣèèṣì rántí. Ẹyin méjì ń gbà á ní wákàtí kan ààbọ̀. Ó ní ikùn òun lòun ń tàn. Ohun tó ń ṣe náà ni mò ń pè ní fífi agbára pamọ́ sínú ohun kékeré: ìyẹ̀fun wàrà nínú ohun mímu gbígbóná, òróró tàbí bọ́tà lórí ànàmọ́ tí a tẹ̀, ẹ̀pà lílọ̀ lórí búrẹ́dì, ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ tí a sì gún mọ́ ọbẹ̀. Omi àti tíì, àárín oúnjẹ sí oúnjẹ ni kí wọ́n ti máa mu wọ́n, kí ikùn má bàa fi omi kún tán. Níwọ̀n bí wọ́n ti gé lára ìfun màmá, ẹ rọra ṣe pẹ̀lú ewé tútù àti èèpo èso. Ó lè máa fún wọn ní inú rírun, sísè rẹ̀ sì sàn jù.

Ìmọ̀ràn kan wà tí ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, èmi náà sì máa ń sọ ọ́, tó lè má dára fún màmá yín. A máa ń ní kí ẹni tí òórùn oúnjẹ ń bì nínú jẹ ẹ́ ní tútù, torí oúnjẹ tútù kì í rùn bíi ti gbígbóná. Ṣùgbọ́n oxaliplatin, oògùn kan tí wọ́n máa ń lò dáadáa fún jẹjẹrẹ ìfun, kò fẹ́ tútù rárá. Fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, omi inú fíríìjì lè mú kí ọ̀fun èèyàn fún bí ẹni pé nǹkan dí i, kí ìka sì máa ta á ṣínínṣínín tó bá di ohun tútù mú. Ó máa ń dẹ́rù bani, ó sì máa ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí a ó fi pè é wá. Ẹ béèrè orúkọ oògùn màmá. Tó bá wà níbẹ̀, oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fún wọn. Ẹ tún béèrè bóyá capecitabine ni wọ́n ń gbé mì nílé. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí èèyàn gbé e mì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó mu omi ewébẹ̀ lásán láàárọ̀, mi ò mọ oúnjẹ tó fẹ́ gbé e lé.

Ní ti èébì, ẹ má dúró dè é. Oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá lò ó kó tó dé, ní àkókò tí nọ́ọ̀sì kọ. Ó lè mú kí ìgbẹ́ má yà, ẹ sọ fún wọn tó bá rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kímò gan-an, ẹ má se oúnjẹ tí màmá fẹ́ràn jù láyé. Ara máa ń so oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn mọ́ èébì tó tẹ̀ lé e, mo sì ti rí ẹni tó kórìíra ẹja tó ti fẹ́ràn láti kékeré. Tí nǹkan bá ń dà bí irin lẹ́nu, ẹ fi ṣíbí onírọ́bà rọ́pò ti irin, kí wọ́n sì fi omi oníyọ̀ díẹ̀ fọ ẹnu kí wọ́n tó jẹun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù ni kòkòrò. Bíi ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kímò, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù. Nígbà kan, gbogbo èso àti ewé tútù la máa ń kà léèwọ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ti fi hàn pé èèwọ̀ líle yẹn ò dín àrùn kù ju ìmọ́tótó lásán lọ, ó kàn ń jẹ́ kí oúnjẹ tó kù kéré sí i ni. Ẹ fọ èso dáadáa, ẹ se ẹyin àti ẹran jinná, ẹ má fún wọn ní wàrà tí a ò sè, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ sùn síta. Omi ewébẹ̀ tútù tí a lọ̀ láìfọ ewé rẹ̀ dáadáa wà lára ohun tí mò ń sọ. Tí ara wọn bá gbóná dé 38, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kódà lóru. Ẹ má fún wọn ní oògùn ibà kí ẹ wá máa wò ó títí ilẹ̀ fi máa mọ́.

Fítámì oríṣi mẹ́rin yẹn ń dẹ́rù bà mí ju ṣúgà lọ. Èèyàn máa ń rò pé bí ohun kan bá dára nínú oúnjẹ, kóró rẹ̀ tó lágbára á dára ní ìlọ́po mẹ́wàá. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní beta-carotene, èròjà inú kárọ́ọ̀tì, nínú ìwádìí kan tí àwọn tó kópa nínú rẹ̀ lé ní 29,000, pẹ̀lú ìrètí pé á dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi bíi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lára àwọn tó lò ó ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ó ya gbogbo wa lẹ́nu. Ti màmá tún súnmọ́ ilé ju ìyẹn lọ: folic acid, tó wà nínú ọ̀pọ̀ fítámì, ń mú kí oró capecitabine le sí i, kí ẹnu bó, kí ìgbẹ́ gbuuru dé. Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lọ́: oògùn jẹjẹrẹ mìíràn wà, pemetrexed, tí dókítà fúnra rẹ̀ ń fi dandan kọ folic acid mọ́. Ohun kan náà, ibì kan ó jẹ́ àpò ìyà, ibì kan ó jẹ́ asà. Kò sẹ́ni tó lè fi àbá mọ èyí. Èso grapefruit ń dí ọ̀nà tí ara ń gbà tú àwọn oògùn kan palẹ̀. Ewé St John's wort ń ṣí ọ̀nà náà jù, oògùn á lọ kó tó ṣiṣẹ́. Ní ti kóró èso apricot tí wọ́n ń tà kiri pé ó ń wo jẹjẹrẹ, wọ́n dán oògùn inú rẹ̀ wò lára aláìsàn 178, àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1982: kò wo ẹnì kankan sàn, májèlé cyanide sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn kan. Tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé fítámì kan dín lára màmá, dókítà á kọ ọ́. Ìyẹn yàtọ̀ sí oríṣi mẹ́rin láti orí fóònù.

Ẹ̀gbọ́n yín lè ní ṣebí àjọ ìlera àgbáyé ló sọ ọ̀rọ̀ ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 2015, ẹ̀ka wọn tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ka ẹran tí wọ́n fi oògùn àti iyọ̀ tọ́jú, irú bíi sọ́séèjì, mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, wọ́n sì ní ẹran pupa ṣeé ṣe kó fà á. Èmi náà ò ní kí màmá fi sọ́séèjì ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ogún ọdún àti ohun tó ń gbé aláìsàn la oṣù mẹ́fà kímò já, ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹja, adìẹ, ẹyin, ẹ̀wà àti wàrà ò sí nínú ìdájọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ pé oúnjẹ kan ń sọ ẹ̀jẹ̀ di kíkan, òmíràn ń tún un ṣe, kò dúró: ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ń di ìwọ̀n kíkan ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní pH, mú láàárín 7.35 sí 7.45 lójoojúmọ́, ohun tí oúnjẹ ń yí padà ni ìtọ̀. Ààwẹ̀ nítorí kímò ni mo fún ní ọ̀wọ̀ díẹ̀, torí àwọn onímọ̀ gidi ń ṣèwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí kéékèèké ṣì ni, ẹni tó ti fi kílò méje rù kọ́ ni wọ́n fi ń dán an wò.

Ibì kan wà tí ẹ̀gbọ́n yín ti tọ̀nà, ó sì yẹ kí ẹ fún un. Ohun mímu aládùn tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ń kún ikùn láìkọ́ ara, mi ò fẹ́ kó gba ipò oúnjẹ. Tí màmá bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí tí oògùn bíi dexamethasone tí wọ́n ń fún wọn nítorí èébì bá ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn sókè, a máa wọn ṣúgà wọn ni, a ò ní lé oúnjẹ. Àwọn aláìsàn kan sì wà, pàápàá nínú àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọyàn, tí wọ́n ń sanra nígbà ìtọ́jú. Irú wọn, mo máa ń ní kí wọ́n dín ohun aládùn kù. Màmá yín ò sí lára wọn.

Tí gbogbo èyí ò bá gbé wọn kúrò lójú kan, tí wọn ò lè jẹ tó ìdajì oúnjẹ wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má jókòó sílé máa bẹ̀ wọ́n. Ohun mímu tí wọ́n ti kó kálórì àti purotéènì sí wà, a sì lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé oúnjẹ wọ ikùn fún ìgbà díẹ̀. Rọ́bà yẹn kì í ṣe àmì pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Mo ti rí ẹni tó lò ó tó sì yọ ọ́. Oògùn tó ń mú kí oúnjẹ wuni wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, dókítà ló máa wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ sì ń bọ̀ fún àwọn aláìsàn kan tí jẹjẹrẹ wọn ti kọjá ìtọ́jú, tí oúnjẹ kò ní fi ọjọ́ kún ọjọ́ mọ́, tí fífi ipá bọ́ wọn á kàn jẹ́ ìyà. Ọ̀rọ̀ ti màmá yín ò tíì débẹ̀, mo kàn sọ ọ́ torí àwọn mìíràn tó ń ka èyí wà níbẹ̀.

Ẹkún Sátidé yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Dókítà ló ń mú ọjọ́ kímò, nọ́ọ̀sì ló ń mú apá tí wọ́n máa gún, oògùn ló ń mú irun. Ohun tó kù tí màmá lè pàṣẹ lé lórí ò ju ẹnu wọn lọ, ẹ sì gbà á. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín gba iṣẹ́ mìíràn, torí ẹ̀rù ló ń bà á, ó sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Òun ni kó máa wọn màmá lórí ìwọ̀n kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kó máa kọ ọ́ sínú ìwé yẹn. Òun ni kó kó gbogbo ìgò fítámì sínú àpò kan lọ bá dókítà kí kímò kẹrin tó dé, kó béèrè orúkọ oògùn, kó sì ní kí wọ́n darí màmá sọ́dọ̀ onímọ̀ oúnjẹ ilé ìwòsàn náà. Kí ìgò kankan má tún ṣí títí ìgbà yẹn.

Ẹyin Sátidé ò tíì pẹ́ jù. Ẹ dín in kó jinná dénú, kí pupa rẹ̀ má ṣàn. Ẹ fi wàrà sí tíì náà, kí ẹ gbé ìgò ṣúgà síwájú màmá, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn bù ú.